Ilé-ìwé òyìnbó àti ti Ẹdẹ: Kí ni tiwọn fi ju tiwa lọ?

Kí aago méje tó lù láàárọ̀, títì Ẹdẹ ti kún fún ọmọ ilé-ìwé. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn mẹ́ta há sẹ́yìn ọ̀kadà kan ṣoṣo. Òmíràn ṣì ru igbá àkàrà ìyá rẹ̀, yóò kọ́kọ́ tà á dé ìdajì kó tó sáré lọ. Ẹni tó bá ra àkàrà igba náírà, tó na ẹgbẹ̀rún kan sí i, kíá ló ti ka ẹgbẹ̀rin náírà ṣẹ́ńjì lé e lọ́wọ́. Kò lo ẹ̀rọ, kò ka ìka.

Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, tíṣà kọ ìṣirò yìí kan náà sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ aláàkàrà dákẹ́ bí omi inú àmù. Wọ́n ní olódo ni. Ṣé olódo ni lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ ìyá lọ́jà àti ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ ló gbà pé ọmọ òyìnbó mọ̀wé ju tiwa lọ. Àwọn kan ní wọ́n tètè ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan ní wọ́n ń pẹ́ nílé-ìwé ni. Àwọn mìíràn ní aṣọ ni, tàbí pàṣán, tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, kó tún padà wá sí Ẹdẹ.

ỌJỌ́ ORÍ ŃKỌ́?

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, àwọn àgbà rántí pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gba orí kọjá kan etí kejì, wọ́n á ní kó padà sílé. Lónìí, ọmọ ọdún méjì ti wà ní jẹ́léósinmi.

Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2019, dandan ni kí ọmọ ọdún mẹ́ta lọ sílé-ìwé. Ní England, ọmọ ọdún mẹ́rin ló sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ní Jámánì, ó di ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn òbí á gbé àpò páálí ńlá kan lé ọmọ lọ́wọ́. Ó rí ṣóńṣó bí àrọ tí a fi ń rọ epo, súìtì àti pẹ́ńsùlù ló kún inú rẹ̀, kí ojú ọmọ lè fà sí ilé-ìwé.

Ní Finland ńkọ́? Ó di ọdún méje. Ẹ má sì rò pé pípẹ́ yẹn sọ wọ́n di òmùgọ̀ o. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò nínú ìwé kíkà kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní 2000, Finland ló ṣe ipò kìíní.

AAGO ÀTI OÚNJẸ

Ilé-ìwé ìjọba ní Ẹdẹ máa ń ṣíwọ́ ní bí aago méjì ọ̀sán, kí lẹ́sìn tó gba ìyókù ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, kí igbá ọjà sì gba ti àwọn tó kù. Faransé lè pẹ́ títí di aago mẹ́rin àbọ̀, àmọ́ ìsinmi oúnjẹ ọ̀sán wọn tó wákàtí méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ kì í sì í lọ sílé-ìwé lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè. Láyé àtijọ́, ọ̀sán gangan ni ọmọ Jámánì ti ń padà sílé. Ti Finland, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ẹ̀kọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún eré ló tẹ̀ lé e, kódà nínú yìnyín. Kì í ṣe pípẹ́ lórí àga nìkan ló ń mú ọmọ mọ̀wé.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti 1948 ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé Finland ti ń jẹ oúnjẹ gbígbóná lọ́fẹ̀ẹ́. England bẹ̀rẹ̀ ti kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́ ní 2014. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 2012, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ O'MEAL fún àwọn ọmọ kékeré nílé-ìwé ìjọba, àwọn obìnrin àdúgbò ló sì ń se é.

AṢỌ ÀTI PÀṢÁN

Yunifọ́ọ̀mù wọ́pọ̀ ní England. Kò wọ́pọ̀ ní Jámánì àti Finland. Faransé fòfin de híjáàbù àti àgbélébùú ńlá nílé-ìwé ìjọba ní 2004. Ní Ọ̀ṣun, ilé-ẹjọ́ gíga ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa lo híjáàbù ní 2016. Ìjọba tó kó gbogbo ilé-ìwé sínú aṣọ kan náà lọ, èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì dá aṣọ olúkúlùkù padà ní 2020. Aṣọ yí padà, ìwé ò yí padà. Ní ti pàṣán, òfin 1986 ló gbà á lọ́wọ́ tíṣà nílé-ìwé ìjọba ní Ìlú Ọba, àwọn ọmọ wọn kò sì tìtorí ẹ̀ gọ̀.

ÈDÈ ILÉ

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Ọmọ Faransé fi Faransé kọ́ ìṣirò. Ọmọ Jámánì fi Jámánì kọ́ ọ. Èdè tí ìyá rẹ̀ fi rán an níṣẹ́ láàárọ̀ náà ni tíṣà fi ń bá a sọ̀rọ̀. Níbí, ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé ọmọ tó bá la ẹnu sọ Yorùbá, ìyà ń bọ̀ nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò láti 1970, ní Modákẹ́kẹ́ tí kò jìnnà sí Ẹdẹ. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025.

IṢẸ́ ỌWỌ́

Ẹ̀yin télọ̀, wẹ́dà, kápíńtà, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ilé-ìwé ti parí fún un nìyẹn. Òbí rẹ̀ á san owó ìkọ́ṣẹ́, á tún wá owó fírídọ̀mù. Ní Jámánì, ọ̀gá ló ń san owó oṣù díẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ sílé-ìwé, kó kọ́ ìṣirò àti yíyàwòrán iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ìdánwò ló máa ṣe kó tó gba ìwé-ẹ̀rí. Níbẹ̀, ìwé àti iṣẹ́ kì í ṣe orogún.

Ẹdẹ náà kò gbọdọ̀ sọ wọ́n di orogún. Ìlú tó ti ní Pólì ìjọba àpapọ̀ láti 1992, tó tún ní yunifásítì, kò yẹ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ má lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 ní kí ọmọ lọ títí dé JSS 3. Ọ̀gá tó bá gba ọmọ kó tó dé ibẹ̀, ọjọ́ ọ̀la ọmọ ọlọ́mọ ló gé kúrú.

Ẹ sì rántí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 di 1975. Ọba tó mọ̀wé ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lu dùndún tí òkìkí rẹ̀ fi dé òkè òkun. Ìwé kò gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá aláàkàrà, tí ọmọ rẹ bá dé lọ́sàn-án tó ní òun kò mọ ìṣirò, má pè é ní olódo. Gba ìwé náà, ní kí ẹnì kan tú u sí Yorùbá fún un. Wàá rí i pé ṣẹ́ńjì àárọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń bi í.