Ẹ Jẹ́ Kó Fara Balẹ̀ Ná

Ohun méjì tó dára lè pawọ́ pọ̀ ba nǹkan jẹ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ní Kankon tí mò ń gbé, lọ́nà Àgbádárìgì sí Sèmè, iná méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò: jẹnẹrétọ̀ àti iná tí a ṣì ń pè ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kógbá wọlé láti 2005. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí iná yóò dé tàbí ìgbà tí yóò lọ.

Ìyá kan ládùúgbò wa ń ta ẹja dídì. Èrè rẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Nígbà tí fìrísà wọn jóná, wọ́n ní iná ìta ló fà á. Ọkọ wọn ní jẹnẹrétọ̀ ni. Rewáyà tó tú u wò ní kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú méjèèjì. Ìpààrọ̀ wàràwàrà ló pa á. Bí fìrísà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, gáàsì inú rẹ̀ ṣì le sí apá kan. Bí a bá tàn án padà lójú ẹsẹ̀, mọ́tò kò ní lè yí, gbígbóná ni yóò máa gbóná. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni gáàsì ń fẹ́ láti pín dọ́gba.

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ rewáyà yìí kò ṣàjèjì sí mi. Ètò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró ṣinṣin lè dàrú bí a bá ń pààrọ̀ wọn láìsinmi. Ìdí ni pé ohun tí a bá mì lè kọ́kọ́ ru sókè kó tó rọlẹ̀. Bí ìpààrọ̀ bá ń dé nígbà tó ń ru lọ́wọ́, ríru yóò máa gorí ríru. Ní 1999, João Hespanha àti A. Stephen Morse fi ìṣirò hàn pé kò pọn dandan kí a mọ ìgbà tí ìpààrọ̀ yóò dé. Bí àlàfo àárín wọn bá ti gùn tó ní ìpíndọ́gba, ètò yóò dúró.

Ìdí nìyẹn tí sitabiláísà tó dára fi ń dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kí iná wọlé. Ẹja inú fìrísà tí a pa dé kì í bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Mọ́tò lè jóná kó tó pé bẹ́ẹ̀. A kò lè pàṣẹ fún iná, ṣùgbọ́n sùúrù àárín lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wa.