Aago Márùn-ún Ìrọ̀lẹ́ ní Òkè-Ogbó

Alákàrà ló kọ́kọ́ dé. Kí aago márùn-ún tó lù, ó ti gbé agbada kaná lẹ́bàá títì Òkè-Ogbó, ó ti da òróró sí i, ó ń po ẹ̀wà lílọ̀ bí ẹni ń bá a jà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aláta tẹ́ àpò sílẹ̀, ó to rodo, tàtàṣé àti tòmátì ní òkìtì òkìtì. Èyí tó ti ń rọ̀, ó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn olóúnjẹ. Ó mọ̀ pé wọn ò ní pẹ́ dé, wọn yóò sì ná an títí tí yóò fi sú u. Ọmọbìnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú ẹ̀rọ POS rẹ̀. Iná ti lọ, télọ̀ òdìkejì títì bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ jáde síta kó lè ríran ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Ẹnuwá, Lágere! Ẹnuwá, Lágere! Ẹ mú ṣéńjì lọ́wọ́ o!"

Awakọ̀ kóròpé ló ń ké. Màmá àgbà kan gbé ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀, ó fi ìkejì sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ èsì: "Ọmọ mi, ṣé wàá já mi sílẹ̀ níwájú ààfin?"

"Ẹ wọlé, màmá. Ibo la fẹ́ gbà tí a ò ní kan ààfin?"

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀nà Ìrẹ̀mọ, ti Ilódè, ti Mọ̀ọ̀rè, ti Òkèrèwè, Ẹnuwá ni gbogbo wọn forí lé. Òkè yí Ilé-Ifẹ̀ ká, ìlú wà nísàlẹ̀, ààfin wà láàárín gbùngbùn. Ẹni tó bá ti rí ìlú ààfin ilẹ̀ Jámánì yóò mọ̀ pé tiwọn yàtọ̀. Ní Heidelberg, òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ààfin sára òkè. Ìlú wà nísàlẹ̀ létí odò Neckar, òrùlé àwọn ará ìlú sì wà lábẹ́ ojú ọba. Ààfin tó ń ṣọ́ ènìyàn nìyẹn. Ti Ifẹ̀, ènìyàn ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ọjà Ifẹ̀ wà létí rẹ̀. Òkè Mògún, níbi tí Ọọ̀ni ń lọ lọ́dún Ọlọ́jọ́ pẹ̀lú adé Ààrè lórí, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1954 náà wà níbẹ̀, tó jẹ́ pé ọba, òrìṣà, alágbàtà àti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló jọ ń ṣe aládùúgbò. Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tí ariwo ń dí lọ́wọ́ jù nínú wọn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ṣọ́bìrì ń ró lára nǹkan líle: àpáàdì ni, ó ń jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa, wọ́n ń dà á sẹ́yìn.

"Ẹ rọra o," aláta ké sí wọn, "kí ẹ má lọ gún ọba lójú!"

Gbogbo títì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ní ìdí. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ, lẹ́yìn ààfin, nígbà tí ọkọ́ kan orí idẹ. Wọ́n tún gbẹ́, òmíràn tún jáde. Kí wọ́n tó ṣe tán, orí tó jáde ti lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ojú tó tutù, ètè tó pa mọ́, ilà wẹ́ẹ́rẹ́ lójú àwọn kan, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn wọ ọkọ̀ òkun, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Méjì míràn bá ọ̀mọ̀wé William Bascom lọ sí Amẹ́ríkà. 1950 ni wọ́n tó padà wálé. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tún ń gbẹ́lẹ̀ ní Ìta Yemòó, ère idẹ tún yọ. Nínú ìlú yìí, bíríkìlà ló kọ́kọ́ ń pàdé ìtàn, ọ̀mọ̀wé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ará Jámánì kan ti wá ṣáájú gbogbo èyí. Leo Frobenius dé Ifẹ̀ ní 1910, ó gbẹ́ igbó Olókun, ó rí orí idẹ, ó fẹ́ gbé e lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tó sọ lẹ́yìn náà, pé iṣẹ́ tó dára báyìí kò lè ti ọwọ́ àwọn baba ńlá àwọn tó bá nílùú wá, pé àwọn ará Atlantis, ìlú àròsọ tó rì sínú òkun, ló ni í. Ó dúró láàárín àwọn onílé, ó ń béèrè onílé.

Àwọn onílé náà ń bẹ, ṣùgbọ́n ààfin Ifẹ̀ kò fìgbà gbogbo rí ènìyàn gbé inú rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn tó sá wá sí Ifẹ̀ pọ̀; Ọọ̀ni Abéwéilá fún wọn nílẹ̀, ibẹ̀ di Mọdákẹ́kẹ́. Ìjà dé láàárín ìlú méjèèjì. Ní 1849, Ifẹ̀ tú, ọ̀pọ̀ sá lọ sí Ìṣọ̀yà; 1854 ni wọ́n padà. Ní nǹkan bí 1882, ó tún tú. Bí ọdún méjìlá ni koríko fi hù ní Ẹnuwá, kí wọ́n tó padà ní 1894, láyé Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní. Ìjà tún wáyé láti 1997 sí 2000. Àwọn tó tó ọmọ ogójì ọdún lójú títì yìí rántí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kì í dá a sọ fún àlejò.

Ààfin Heidelberg náà rí ogun. Àwọn ọmọ ogun Faransé bà á jẹ́ ní 1689 àti 1693. Ní 1720, ọba Heidelberg kó lọ sí Mannheim, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kò sì padà mọ́. Àwókù náà ló kù tí àwọn àlejò ń sanwó wò. Kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ibi tó tẹ́ni lọ́rùn là ń gbé. Ṣùgbọ́n àwọn Ifẹ̀ ní ọ̀nà láti dúró sí Ìṣọ̀yà, tàbí ìlú Òkè-Igbó, kí wọ́n kọ́ ààfin tuntun síbẹ̀. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri ìlú kò gbà wọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì, síbẹ̀ orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n padà wá tún nǹkan ṣe sí. Lójú tèmi, ilẹ̀ yẹn gan-an ni ààfin. Ilé orí rẹ̀ kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni.

Télọ̀ ti dìde lọ wo kòtò. "Bàbá, ṣé ẹ ò ní pe àwọn mùsíọ́ọ̀mù?"

Bàbá onílé wò ó tìyanu-tìyanu. "Kí wọ́n wá ní kí n dá iṣẹ́ dúró? Símẹ́ǹtì tí mo ti rà ńkọ́?"

Òfin kò sí lẹ́yìn bàbá, ṣùgbọ́n mo mọ iye símẹ́ǹtì. Mo bẹ̀rẹ̀ wo àpáàdì náà. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin, kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀, ló fi ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń to àpáàdì rẹ̀ ní ìnàró, tí etí wọn á kọjú sókè ní ìlà-ìlà. Ti inú kòtò yìí fọ́n ká ni, ó dà bí ààtàn àwọn ará ijọ́un.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fọ ṣọ́bìrì, wọ́n to ara wọn síwájú bàbá.

"Bàbá, owó wa. Kí ẹ sì fi nǹkan lé e o. Ilẹ̀ tó ní àpáàdì, owó rẹ̀ yàtọ̀."

"Ilẹ̀ wo ni kò ní àpáàdì ní Ifẹ̀?" bàbá dá wọn lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka owó.