Nọ́ńbà Tí Ń Yí Po

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè níhìn-ín ní Ìlọrin kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ìṣirò rárá. Wọ́n ní òun gan-an ni àwọn sá fún wá sí ẹ̀ka èdè. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wádìí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá kò lè ṣàì bá a pàdé: gbígbọ̀n tán-án-ná ni ohùn, nọ́ńbà tí ń yí po ni a sì fi ń ṣírò ohun tí ń gbọ̀n.

Excel ní irinṣẹ́ fún un, IMEXP ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ =IMEXP(COMPLEX(0,PI())), yóò fún yín ní -1, pẹ̀lú ìdọ̀tí kékeré tí ó parí sí E-15i. Ẹ má kọbi ara sí ìdọ̀tí náà. Kọ̀ǹpútà kò lè kọ π tán ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ni èsì yìí lójú Excel, kì í ṣe nọ́ńbà. Bí ẹ bá fẹ́ rò ó pọ̀ mọ́ òmíràn, IMSUM ni kí ẹ lò.

Báwo ni -1 ṣe jáde? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Descartes ló pe irú nọ́ńbà yìí ní àfinúrò ní 1637. Bí a bá gbé orúkọ yẹn wọ Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé irọ́ ni. Nọ́ńbà alápá-méjì ni èmi ń pè é. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, kí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ó yí ìdámẹ́rin òbìrìkìtì sí ọwọ́ òsì: i nìyẹn. Kí ó tún yí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: ó ti kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, -1 dé. Ìdajì òbìrìkìtì náà ni π tí a fún IMEXP. Apá kejì ń sọ bí yóò ṣe yí tó, apá kìíní ń sọ bí yóò ṣe gùn tàbí kúrú tó. Ẹ fi -1 sí apá kìíní, ohun tó kù á jẹ́ bí 0.37, gẹ́gẹ́ bí ìró gángan ṣe ń kú lọ lẹ́yìn tí a ti gbé ọ̀pá kúrò.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò ní kí n yé dààmú, kí n máa pè é ní kọ́ḿpílẹ́ẹ̀sì, bí a ti ń pe kọ̀ǹpútà. N kò gbà. Ojú ń rí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ohun tí ojú kò rí ló yẹ kó gbé àlàyé dání. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa darí ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Kí ló wá dé tí èdè náà yóò fi dúró sẹ́nu ọ̀nà yunifásítì? Títí ẹnìkan yóò fi fún mi ní orúkọ tó sàn jù, alápá-méjì ni mo ń kọ sójú pátákó.