Edé Ìjẹ̀bú àti àrùn tó ń sọ ìrù di funfun

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde dé Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ kùtù, kó yà sí Ọjà Olúwo. Edé ń bẹ níbẹ̀, tútù àti yíyan. Àwọn ìyá tó ń tà á kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ àwọn ní iṣẹ́ àwọn: edé tó bá ti ń rà, ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ìkọ́kọrẹ́ tí kò sì ní edé, ará Ìjẹ̀bú wo ni yóò yìn ín?

Ọ̀sà ni edé yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n ní Eriwe, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, adágún àgbẹ́ ló lọ rẹrẹẹrẹ. Ètò ìgbógunti òṣì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Àrọ̀ sì lágídí o! Bí omi bá burú, yóò yọ ẹnu síta, yóò mí sínú. Edé kò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sin edé, tó bá òkú rẹ̀ nílẹ̀ ní ìdájí, kó kọ́kọ́ yẹ omi wò kó tó pariwo àrùn.

Àrùn gidi ni èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Guadeloupe, erékùṣù kan lápá Amẹ́ríkà, ní 1995. Ẹran ìrù ọmọ edé, tó yẹ kí ojú ríran kọjá nínú rẹ̀, di funfun bí wàrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọmọ edé lè kú tán. Fáírọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i ní Ṣáínà, ní Íńdíà, ní Thailand.

Báwo ló ṣe ń rìn? Edé ńlá ti Éṣíà ni àrùn náà ń mú, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń gbé káàkiri ayé láti fi ṣe irú. Ìyá edé lè gbé àrùn náà sára kí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ tó bí ni yóò kú.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àkọ́kọ́ olùwádìí fi jọ ti ọlọ́jà: níbo lẹ ti rà á? Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ọmọ ló ń kú tàbí àgbà. Èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́ ni yóò rẹ sínú ọtí líle lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Edé tó ti jẹrà kò lè jẹ́rìí kankan. Fáírọ́ọ̀sì náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń wò ó.

Omi adágún kì í sì í gbé ibi tí a gbẹ́ ẹ sí. Odò ló ń ṣàn sí, odò ń lọ sí ọ̀sà, ibẹ̀ sì ni edé ìbílẹ̀ wa ti ń pamọ. Bí àrùn bá wọ adágún, wọn a máa fi kiloríìnì pa omi náà kí wọ́n tó tú u, wọn a sì jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú lábẹ́ oòrùn.