Àádọ́ta Ó Dín Méjì

Ìyọkúrò mẹ́wàá ni olùkọ́ ní kí ọmọ mi obìnrin ṣe, mẹ́ta péré ló gbà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó wà ní Pírámárì Kẹta. Mo ń ṣí ìwé rẹ̀ wò lálẹ́ nígbà tí ojú mi dúró lórí ìkẹfà: kí wọ́n yọ 48 kúrò nínú 52. Ọmọ mi kọ 16 síbẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú. Mo bi í báwo ló ṣe rí i. Ó ní, "Dádì, mẹ́rin kúrò nínú márùn-ún, ó ku ọ̀kan. Méjì kúrò nínú mẹ́jọ, ó ku mẹ́fà." Ó wá ń wò mí, ó ń retí kí n yìn ín.

Gbogbo ohun tó sọ ló tọ̀nà, àfi ìdáhùn. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí èyí tó wà lókè bá kéré, kí ó yá mẹ́wàá lọ́wọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ìyá rẹ̀ ń sọ fún un nílé pé kó má yá nǹkan ẹlòmíràn. Bóyá ìyẹn ló mú lò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní Pírámárì Kẹfà báyìí, mọ bí mo ṣe ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Ìdúró ló fi ń ka ìlọ́po kejì títí dé ìkejìlá, bẹ́líìtì mi á sì wà lórí tábìlì. N kò fi nà án ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ò dúró de ìgbà tí a bá gbé e kó tó ṣiṣẹ́. Ọmọ náà mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Síbẹ̀, bí mo bá ṣàdédé bi í pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó, ọwọ́ mi ló máa kọ́kọ́ wò kó tó dáhùn. Iṣẹ́ olùkọ́ sì ni mo fi ń jẹun o.

Ìyá mi ló gba ìwé ọmọ mi obìnrin lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò kà á, nítorí kò kàwé. Ó kàn pa á dé ni. Ẹ̀lùbọ́ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tà ní Ọjà-Ọba n'Ìbàdàn, kóńgò-kóńgò, kò sì sí oníbàárà tó rẹ́ ẹ jẹ rí lórí ṣéńjì.

"Ọkọ mi, sún mọ́ mi. Méjìdínláàádọ́ta: mélòó ló kù kó pé àádọ́ta?"

"Méjì, Màmá."

"Méjìléláàádọ́ta ńkọ́, mélòó ló fi ju àádọ́ta lọ?"

"Méjì."

"Ẹni tó wà ní méjìdínláàádọ́ta, tó fẹ́ rìn dé méjìléláàádọ́ta, ìṣísẹ̀ mélòó ni yóò gbé?"

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́rin! Màmá, ó wà nínú orúkọ wọn!"

Láti kékeré ni mo ti ń pe méjìdínláàádọ́ta, n kò gbọ́ ohun tí mo ń pè. Àádọ́ta gan-an kì í ṣe ìpìlẹ̀: ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni, ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Ẹni tó bá dárúkọ 48 lédè Yorùbá ti mú ogún lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá, ó tún ti yọ méjì, kó tó mí. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó ti gbé Ìjàyè rí, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí òǹkà wa ní 1887, ó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí owó ẹyọ: wọn a da òkìtì owó sílẹ̀, wọn a máa fà á ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ogún, ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, náà kọ ọ́ pé ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan. Àwọn ìyálọ́jà tí kò mọ a-bí-dí ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe èyí láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, àwa ọ̀mọ̀wé la wá ń sọ pé òǹkà Yorùbá le jù fún ọmọ.

Mo mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. N kò ní kí ọmọ mi kọ àádọ́ta síwájú olùkọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tìṣirò-tìṣirò, àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ilé ni tèmi, kì í ṣe kíláàsì. Nílé, ẹnikẹ́ni ò fi èdè dí mi lọ́wọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo gbé ọpọ́n ayò sọ̀kalẹ̀ láti orí ṣẹ́ẹ̀lì ìwé, níbi tó ti ń gba eruku láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Ilé mẹ́fà níwájú mi, mẹ́fà níwájú ọmọ mi, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kí a tó ta rárá, àbúrò rẹ̀ kékeré ti jí ọ̀kan gbé. Mo ní kí ọmọ mi obìnrin sọ iye tó kù fún mi láìkà á. Kò pẹ́ rárá: "Mẹ́tàdínláàádọ́ta." Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Kíka ohun tó wà nílẹ̀ kọ́ ni ìṣirò ayò, kíka ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni. Èèyàn a kó ọmọ inú ilé kan, a máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yíká. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì tó sì sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, kó tó kó ilé, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ ìkẹyìn yóò sùn sí. Níbẹ̀rẹ̀, ìka ni ọmọ mi fi ń tọ̀ ọ́ kiri bí ẹni tó ń tọ ipa èèrà. Mo fòfin de ìka. Ojú nìkan.

Odù ló kọ́kọ́ dà á láàmú, ìyẹn ilé tí èèyàn ń kó ọmọ pamọ́ sí títí tí yóò fi kún. Ọmọ mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, ojú kì í lè tẹ̀ lé e yíká láìsọnù. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ kì í yípo ọpọ́n mọ́. Mẹ́tàlá wà nínú ilé tó kángun sí tèmi, ó kó o lójú ẹsẹ̀, ó sì jẹ mí. Mo bi í báwo ló ṣe mọ̀.

"Dádì, mo kàn ń sọ mọ́kànlá nù ni."

Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan kí n tó lóye rẹ̀. Ilé méjìlá ló wà lórí ọpọ́n, bí a sì ṣe ń ta á nílé wa, a kì í ju ọmọ sí ilé tí a ti kó o. Nítorí náà, mọ́kànlá ló ń yí ọpọ́n po lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó bá kù lẹ́yìn mọ́kànlá ni kó kà: mẹ́tàlá di méjì, mẹ́rìnlá di mẹ́ta. Pínpín tó ní àṣẹ́kù ni èyí, wọn ò sì tíì dé orí rẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀.

N kò mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jẹ mí o. Ọmọ tí àgbà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jẹ òun máa ń mọ̀, á sì ká a lára. Lórí ọpọ́n, ọ̀ta tó ń jẹni wà, òpè tí wọ́n ń jẹ wà, kò sí bàbá níbẹ̀. Ó ti pè mí ní òpè lójú ìyá mi, ìyá mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ká ní ìdí oúnjẹ ló ti sọ ọ́ ni!

Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí. Nínú ìwé iṣẹ́, bí ó bá ṣì í, olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i, ọ̀rọ̀ parí. Lórí ọpọ́n, bí ó bá ṣì í, ọmọ ayò rẹ̀ ló lọ, ó sì ń wo ọwọ́ tó kó o lọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kó padà wá ibi tó ti ṣì í. Òun fúnra rẹ̀ ni kò ní lè sùn.

Ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni mo lò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Owó ẹyọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ lò, ìyàwó mi ní kí n má sọ pálọ̀ òun di ojúbọ, a wá jọ gbà lórí ìdérí ìgò. Bí a bá da ìdérí kan sílẹ̀, ó lè dojú dé, ó lè ṣíjú sókè: ọ̀nà méjì. Ìdérí méjì ńkọ́? Ó tò wọ́n, ó rí mẹ́rin. Mẹ́ta? Ó ní mẹ́fà; nígbà tó tò wọ́n tán, mẹ́jọ ni. Ó jókòó tì í. Kí n tó béèrè ti mẹ́rin ló ti pariwo pé, "Mẹ́rìndínlógún! Ìlọ́po méjì ló ń ṣe!" Mo wá sọ fún un pé apá méjì ni odù Ifá kọ̀ọ̀kan ní, ipò mẹ́rin lápá kan, àmì kan tàbí méjì ní ipò kọ̀ọ̀kan. Ó fa bébà, ó ṣe 16 lọ́nà 16, ó gbé 256 jáde, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn babaláwo mọ gbogbo rẹ̀ sórí lóòótọ́. Ọwọ́ mi wà lórí tábìlì ní gbogbo ìgbà náà. Kò wò ó.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo dán wò ló ṣiṣẹ́. Mo fi páálí ṣe eré kan tí mo kọ ìlọ́po sí kiri, mo kùn ún lọ́dà, mo pè é ní eré tuntun. Alẹ́ kan péré ni wọ́n fi gbóòórùn ilé-ìwé lára rẹ̀. Wọ́ọ̀tì, eré káàdì tí ará Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe ní àwọn ọdún 1930 tí àwa wá sọ di tiwa, kò nílò ọ̀dà kankan: bí eré bá parí, kí oníkálukú ka káàdì ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, ìràwọ̀ á di ìlọ́po méjì, àbúrò kékeré tí kò tíì mọ ìwé kà á sì ti mọ̀ pé 20 ọwọ́ òun ti ba nǹkan jẹ́. Ní ti eré ìṣirò orí fóònù, mo gbà á kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn jù, kò sì ṣeé bá jiyàn.

Bí ọpọ́n ayò bá wà ní pálọ̀ yín tí ẹ fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ọmọ inú rẹ̀ kò bá pé méjìdínláàádọ́ta mọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ sọ iye tó kù láìkà á, kí wọ́n sì lọ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ wá dí i.