Ẹni tó fẹ́ dáṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò

Láti ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, tí iléeṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró, àfi fáwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò, lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń káwọ́ lérí. Kọ̀ǹpútà wọn ò bàjẹ́ o, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Windows 11 ni ò gbà á. Ibẹ̀ lẹnì kan yóò ti yọ sí wọn pé, "Ẹ gbé Linux sí i jàre, ọ̀fẹ́ ni!"

Òótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Linux kì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́dún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan nílùú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ṣe ọkàn ẹ̀, tó sì ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ fáráyé pé kẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, kó tún un ṣe. Látìgbà náà ni kálukú ti ń gbé ara tiẹ̀ wọ ọkàn yẹn. Debian wà, Ubuntu wà, Fedora, Mint, àtàwọn mìíràn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń lò wọ́n sì máa ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, lórí èyí tó rẹwà àtèyí tó yára.

Ká sòótọ́, ìyẹn kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè. Ta ló ń tọ́jú ẹ̀? Tọ́kàn onítọ̀hún bá yí padà ńkọ́?

Ẹ wo CentOS. Àìmọye iléeṣẹ́ ló gbé iṣẹ́ lé e lórí, torí ọmọ ìyá kan náà lòun àti Red Hat tí wọ́n ń fowó gbà. Lọ́dún 2014, Red Hat gbà á sábẹ́ ara ẹ̀. Lọ́dún 2019, IBM ra Red Hat ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Ọdún yẹn náà ni CentOS 8 jáde, wọ́n sì ní àwọn yóò máa tọ́jú ẹ̀ títí di 2029. Àfi bí wọ́n ṣe kéde lóṣù Kejìlá, 2020, pé ìparí 2021 ni yóò dópin. Ó lé lọ́dún méje tó dànù bẹ́ẹ̀! Làwọn tó gbọ́kàn lé e bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá sókè sá sódò.

Torí pé inú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi rọ́nà àbáyọ. Gregory Kurtzer, ọ̀kan lára àwọn tó dá CentOS sílẹ̀, ṣe òmíràn, ó pè é ní Rocky Linux, ní ìrántí Rocky McGaugh, ẹnìkejì ẹ̀ tó ti dolóògbé. AlmaLinux náà jáde lọ́dún 2021. Ká ní ohun tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ni, ta ni ì bá rí i ṣe?

Ti Debian yàtọ̀. Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1993, orúkọ Debra, olólùfẹ́ ẹ̀, ló so mọ́ tiẹ̀ tó fi di Debian. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n tún kọra wọn sílẹ̀, Ian sì kú lọ́dún 2015, síbẹ̀ Debian ò kú. Iléeṣẹ́ kankan kọ́ ló ni ín, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló ń ṣe é, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dìbò yan olórí. Àléébù ẹ̀ ni pé kì í yára, bí ọdún méjì-méjì ni tuntun ń jáde.

Lára Debian yìí ni wọ́n ti yọ Ubuntu, òun ló sì rọrùn jù fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ Canonical, ti Mark Shuttleworth ọmọ South Africa, ló ń darí ẹ̀. Lọ́dún 2012, béèyàn bá ń wá fáìlì nínú kọ̀ǹpútà ara ẹ̀, ọjà Amazon ló máa ń yọjú sí i. Ariwo ta, ó sì di 2016 kí wọ́n tó pa á.

Ẹni tó kàn fẹ́ tẹ̀wé, kó wo fíìmù, tí ò ní oníṣẹ́ nítòsí, Ubuntu tàbí Mint tó o. Ẹni tí oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ wà lórí ẹ̀, kó ro ti Debian dáadáa. Ẹ gbé e sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó pa Windows rẹ́, kẹ́ ẹ sì kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn. Ọ̀fẹ́ dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ yẹ ọrùn ẹni tó fún yín láṣọ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́.