Ọ Kì í Ṣe O

Bí a bá dárúkọ ẹni tí ń ṣe ètò fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó sínú ilé gíga onígíláàsì ní Erékùṣù Èkó, tí ẹ̀rọ atútù ń fẹ́ sí i lára, tí owó oṣù rẹ̀ sì ń wọlé láìyẹ̀. Irú rẹ̀ wà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, àní ẹni tí ó dá dúró, tí kò ní ọ̀gá, tí kò ní ọmọọṣẹ́, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń gbìn, òun ni ó ń kórè, òun náà ni ó sì ń ru ẹrù lọ sí ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ìsọlọ̀ ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀, níbi tí kò jìnnà sí òpópónà Òkóta, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi náà sì ń wọ̀ sí bí yunifásítì bá ti gba ìsinmi. (Ẹ má bi mí pé ta ni “wọ́n” yìí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ, n kò sì lè pè wọ́n ní “ó” nínú ìwé tí ìyá wa lè kà.)

Ẹ̀rọ Mac nìkan ni wọ́n ń ṣe ètò fún. Àlòkù ni èyí tí wọ́n ń lò, ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìkẹjà ni wọ́n ti rà á, ó sì wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ Apple kọ́kọ́ fi ọpọlọ tuntun tí à ń pè ní M1 sí nínú ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni ó dé tí wọ́n yan ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹwà tàbí iyì. Bátìrì ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìfi ẹnu kan iná, ẹni tí ó bá sì ti gbé Ìsọlọ̀ rí mọ̀ pé iná àdúgbò wa dà bí àlejò tí kì í dágbére: kò sọ ìgbà tí yóò dé, kò sọ ìgbà tí yóò lọ. Ohun àkọ́kọ́ gan-an tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe, ọ̀rọ̀ iná yìí náà ni. Nítorí pé ẹ̀rọ a máa mọ̀ bí iná bá ń wọ inú rẹ̀ tàbí kò wọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n kọ ètò kékeré kan tí ń ṣàkọsílẹ̀ wákàtí tí iná dé àti wákàtí tí ó lọ. Nígbà tí mo ní kí wọ́n tà á, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, ta ni yóò fi owó ra ìbànújẹ́ ara rẹ̀?”

Agogo mẹ́rin òru ni iṣẹ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti dákẹ́ tán, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kò sì tí ì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a fi búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn panu, wọn a sì jókòó láti fèsì lẹ́tà àwọn oníbàárà. Ètò tí ó ń bọ́ wọn ni èyí tí ń bá àwọn tí ń ya fọ́tò tún orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà ni ó ń rà á jù. Lẹ́tà kan a yìn wọ́n, èkejì a bú wọn. Mo rí ẹnìkan tí ó kọ ìwé gígùn ránṣẹ́ nítorí pé àwọ̀ bọ́tìnnì kan yí padà! Ẹ̀gbọ́n mi fèsì bí ẹni pé baálẹ̀ ni ó ránṣẹ́ sí wọn. Ojú mi ni mo fi rí i pé ìdajì iṣẹ́ yìí kì í ṣe kíkọ ètò rárá; sùúrù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ owó díẹ̀, nítorí pé òun ni ó fẹ́ tú ilé wa ká. Láti oṣù kìíní ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ Apple ti dín ohun tí ó ń yọ nínú ọjà àwọn oníṣòwò kéékèèké tí ó bá forúkọ sílẹ̀ kù, láti 30 nínú 100 sí 15. Èyí dára. Ṣùgbọ́n 99 dọ́là ni ẹni tí ń ṣe ètò ń san lọ́dọọdún kí ó tó lè tajà níbẹ̀. Bí ó bá sì ní òun yóò máa tà á fúnra òun níta, láti ọdún 2019 ni ẹ̀rọ Mac ti ń dá ètò tí Apple kò tíì yẹ̀ wò dúró lẹ́nu ọ̀nà, àfi bí oníbàárà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ìkìlọ̀ náà nù. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí Apple yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ wò láìgba 99 dọ́là náà. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà, owó náà kò ju 45,000 náírà àti díẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024, nígbà tí dọ́là kan di 1,500 náírà, ó di nǹkan bíi 148,000. Iye dọ́là kò yí padà. Owó tiwa ni ó yọ́. Ẹnìkan lè wí pé dọ́là náà kúkú ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tajà. Òtítọ́ ni, ní oṣù tí ọjà bá tà.

Ìyá wa ń ta aṣọ òkìrikà ní ọjà Aswani ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì mọ ohun tí à ń pè ní oṣù tí ọjà kò tà. Nítorí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ní apá Lẹ́kì kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ olóṣù, ńṣe ni ìyá wa kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà ní ojú ìwé kẹrin ìwé àdéhùn náà: ètò yòówù tí òṣìṣẹ́ bá kọ, ìbáà ṣe ní ọ̀sán, ìbáà ṣe ní òru, ti ilé-iṣẹ́ ni, kò sì gbọdọ̀ ṣe òmíràn fún ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n sì wo ojú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ìwé ọ̀rọ̀ wa ni.

Bí ìwé ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èdè ni mo ń kọ́, mo sì ń kó ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́, pẹ̀lú ti àwọn ìyálọ́jà Òṣòdì, jọ fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Inú ìwé pélébé ni mo ń kọ wọ́n sí, òjò sì ti pa ìdá kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn yóò ṣe ètò kan fún mi tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti ṣe tán. Mo kọ “ọ̀rọ̀” sínú rẹ̀; mo wá ọ̀rọ̀ náà; ẹ̀rọ ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ mo sì ń fi ojú mi méjèèjì rí i níbẹ̀!

Ọ̀ràn náà lọ báyìí. Nínú ètò Unicode tí gbogbo ẹ̀rọ ayé fi ń kọ̀wé, ẹ ní àyè tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni á àti à. Ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ńṣe ni a óò to nǹkan méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn: a lè kọ́kọ́ kọ o, kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀, kí a tó fi ohùn lé e lórí, a lè mú ọ tí ó ti pé kí a fi ohùn lé e, a sì lè mú ò kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Swift, tí í ṣe èdè tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ ètò, gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí ẹ bá ní kí ó ka ọ̀, ọ̀kan ni yóò kà. Ṣùgbọ́n SQLite, tí í ṣe àká tí ọ̀rọ̀ ń sùn sí, báìtì ni ó máa ń fi wé báìtì, lójú tirẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Báìtì kan ni o ń gbà. Ọ̀ ń gba mẹ́rin, ó kéré tán. Ẹ̀gbọ́n mi mú kí ètò náà sọ gbogbo rẹ̀ di ìrísí kan kí ó tó wọ inú àká. Kò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí ó rọrùn fún ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀, wọ́n sì lo irinṣẹ́ kan tí ó wà nínú Mac láti ilé wá, èyí tí ń gbójú fo gbogbo àmì. Mo tẹ “owo”. Owó jáde, òwò jáde, ọwọ́ tẹ̀ lé e, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èyí kò dára. Ọ kì í ṣe o.”

Wọ́n ní àmì lásán ni ó yàtọ̀.

Mo ní rárá. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a ní, ọ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ní ìjókòó tirẹ̀ láàrin o àti p. Ohùn a máa wá bá lẹ́tà ni. Àmì ìsàlẹ̀ kò wá bá a, ara rẹ̀ ni. Mo tilẹ̀ mẹ́nu ba àwọn àgbà tí ó pé jọ ní Èkó ní ọdún 1875 lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀.

“Àwọn àgbà yẹn kò fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ nínú dánfó,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹni tí kò ní àmì lórí fóònù rẹ̀, ṣé kí ó má wá ọwọ́ rí ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Èmi pàápàá, bí mo bá ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi, n kì í ráyè fi àmì sí i. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni a fi fà á. Mo ń lọ sí Òṣòdì láàárọ̀ láti kó ọ̀rọ̀, bí mo bá sì ti darí dé, àríyànjiyàn ni a fi ń jẹun alẹ́.

Àwọn kọ̀ńdọ́ ni ó là wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣòdì rí mọ igbe wọn: “Òṣòdì Òkè! Òṣòdì Ìsàlẹ̀!” Òkè ni ti orí afárá, ìsàlẹ̀ ni ti abẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ọ̀kan ní ìdí èkejì yóò fi ẹsẹ̀ rìn kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ibùdókọ̀ ńlá tí ìjọba ṣí síbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019 kò pa igbe náà rẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ṣe àfarawé wọn fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé orí sókè. “Dúró ná. Òkè lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀.” Irinṣẹ́ tí wọ́n mú lò ti da méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn, àmì ni ó ń pe gbogbo wọn. Ní òru ọjọ́ náà, wọ́n pa á tì, wọ́n sì kọ tiwọn: ètò náà yóò fọ́ lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, yóò ṣa àmì òkè kúrò, yóò sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó wà.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá tẹ “ọwọ”, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ nìkan ni yóò jáde, nítorí pé ẹ ti fi àmì hàn án, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Bí ẹ bá tẹ “owo”, owó àti òwò yóò kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àwọn ọlọ́wọ̀ọ́ yòókù yóò tẹ̀ lé e fún ẹni tí kò ní àmì lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ni àwọn borí. Èmi náà mọ ẹni tí ó borí.

Títo ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ kò fún wa ní wàhálà. Bí a bá fi ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì tò ó, “gbà” yóò ṣíwájú “gé”, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, níwọ̀n bí gb ti jẹ́ lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé g. Ìlànà Yorùbá ti wà nínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ yìí, ẹnìkan ti ṣe é síbẹ̀; kí a sá béèrè rẹ̀ ni. Nígbà tí mo rí i tí gé, gígùn àti gùn tò tán kí gbà tó yọjú, inú mi dùn ju bí ó ti yẹ kí inú ènìyàn dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá wa wá kí wa ní ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n ní kí a fi iṣẹ́ tí à ń torí rẹ̀ kọ owó oṣù sílẹ̀ hàn àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, wọ́n sì ní kí ìyá wa dárúkọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n dárúkọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn aláṣọ Aswani fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní ojú oníbàárà. N kò gbọdọ̀ kọ ọ́ síhìn-ín. Kò sí níbẹ̀. Ìyá wa fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ mọ́kàndínlógún fún wa kí wọ́n tó dìde. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n wí pé, “Ẹ kọ̀wé sí àwọn ará Lẹ́kì yẹn, kí wọ́n yọ gbólóhùn kan yẹn kúrò. Ẹni tí ń tajà kì í gba iye tí a kọ́kọ́ pè.”

Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì lónìí, èsì kò tíì dé, 99 dọ́là ọdún yìí sì pé láti san ní oṣù tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àká ti di 614. Bí mo ti ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìdí tábìlì, wọ́n ń bá Ẹ̀ ńlá jà, nítorí pé nínú fọ́ńtì tí mo yàn fún àpilẹ̀kọ mi, àmì ohùn kò jókòó dáadáa sí orí rẹ̀. Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí fìlà tí ó tóbi ju orí lọ. Iná ti lọ láti agogo mẹ́jọ. Bátìrì ku 61 nínú 100.